Àrùn Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Inú Ẹsẹ̀: Ohun Tí Ilé Ìwòsàn Lè Ṣe Kí Ọ̀rọ̀ Tó Di Gígé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́." Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ mu gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹsẹ̀ máa ń dùn tàbí tí ẹsẹ̀ wọn máa ń wú, tí wọn a sì sọ pé làkúrègbé ni, tàbí pé ọjọ́ ogbó ló dé. Àwọn mìíràn a ní oògùn ni àwọn tẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọn a fi òrí wọ́ ọ, wọn a mu àgbo, wọn a sín gbẹ́rẹ́, wọn a sì máa wòye. Nígbà tí wọn yóò fi dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ á ti dúdú, á ti máa rùn, dókítà á sì sọ fún wọn pé ohun tó kù ni kí àwọn gé e kí ẹ̀mí má baà bá a lọ.

Láti inú irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí ni òkìkí kan ti jáde pé ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, gígé ni wọn yóò gé e. Ẹ̀rù òkìkí yìí ni kì í jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn tètè lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọn a tún jókòó sílé, tí wọn a tún pẹ́ dé, tí gígé a sì tún di dandan. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Ìdádúró ló ń pa ẹsẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn ẹsẹ̀ tí à ń gé. Bí a bá tètè dé, iṣẹ́ tí àwọn oníṣègùn lè ṣe lórí iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ.

Ọ̀nà méjì tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà

Ọkàn ni ẹ̀rọ tí ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri gbogbo ara. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ó ń lù tó nǹkan bí ìgbà 100,000. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ara àgbàlagbà sì tó nǹkan bíi lítà 5. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ yìí ń gbà. Èkíní ni iṣan àlọ, èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó kún fún atẹ́gùn àti oúnjẹ láti inú ọkàn lọ sí orí, ọwọ́, ikùn àti ẹsẹ̀. Èkejì ni iṣan àbọ̀, èyí tí ń kó ẹ̀jẹ̀ tí ara ti lò padà sí ọkàn.

Iṣan àlọ nípọn, ó sì lágbára. Òun ni ẹ máa ń gbọ́ tó ń lù kìkì bí ẹ bá fi ìka kan ọrùn ọwọ́ yín. Iṣan àbọ̀ fẹ́lẹ́ ní tirẹ̀, kì í sì í lù. Èyí tó wà nínú ẹsẹ̀ ní iṣẹ́ ńlá láti ṣe, nítorí òkè ni ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ, bí ẹni tó pọn omi láti odò tó ń gun òkè bọ̀ wálé. Ohun méjì ló ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sísàlẹ̀. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun náà sì ń fún un sókè nígbàkúùgbà tí a bá ń rìn. Ìdí nìyí tí ìdúró pẹ́ tàbí ìjókòó pẹ́ fi ń mú kí ẹsẹ̀ wú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ohun tó ń tu ẹni tí iṣan àbọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn lára lè pa ẹni tí iṣan àlọ rẹ̀ dí lára. Ẹni àkọ́kọ́ a máa rí ìtura bó bá gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹni kejì kì í lè sùn bó bá gbé e sókè; ṣe ni yóò máa fi ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ létí ibùsùn kí ẹ̀jẹ̀ lè rí ọ̀nà dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, kò bọ́gbọ́n mu pé kí a máa fi oògùn kan ṣoṣo wo gbogbo ẹsẹ̀ tó bá ń dùn.

Bí iṣan àlọ bá ń dí

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Bàbá kan wà tó máa ń rìn láti ilé dé oko láìsinmi. Ní ọdún yìí, bó bá rìn dé ìdajì ọ̀nà, ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bí ẹni pé wọ́n ń fún un. Bó bá dúró ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ìrora náà á lọ. Bó bá tún rìn tó bí ó ti rìn tẹ́lẹ̀, á tún dé. Ìrora tó ń wá nígbà ìrìn, tó sì ń lọ nígbà ìsinmi báyìí, kì í ṣe àmì làkúrègbé. Ó ń fi hàn pé ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀ ti ń há. Ọ̀rá àti ìdọ̀tí mìíràn ló lẹ̀ mọ́ ara iṣan náà, gẹ́gẹ́ bí ìpàtà ti ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù omi tó ti pẹ́.

Àwọn tí àrùn yìí sábà máa ń bá jà ni àwọn amusìgá, àwọn alátọ̀gbẹ, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn tí ọ̀rá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àti àwọn tó ti lé ní ẹni ọdún 50. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè burú débi pé ẹsẹ̀ á máa dunni lóru lórí ibùsùn. Lẹ́yìn èyí ni egbò á yọ ní ọmọ ìka tàbí gìgísẹ̀, tí kò ní jinná, tí ẹran ara ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Kí ni wọn yóò ṣe fún yín nílé ìwòsàn? Lákọ̀ọ́kọ́, dókítà yóò fi ìka wá ibi tí iṣan ti ń lù: ní ibi tí itan ti pàdé ikùn, ní ẹ̀yìn orúnkún, ní ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀, àti lórí ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn yóò wọn agbára ẹ̀jẹ̀ ní apá àti ní ọrùn ẹsẹ̀, wọn yóò sì fi ti apá pín ti ẹsẹ̀. Bí ti apá bá jẹ́ 120, tí ti ẹsẹ̀ jẹ́ 60, ohun tó bá jáde ni 0.5. Bó bá ti lọ sílẹ̀ ju 0.9 lọ, iṣan àlọ kan ti há. Àyẹ̀wò yìí kì í dunni, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bó bá yẹ, wọn yóò tún fi sikáànì wo bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn àti ibi tó ti há gan-an.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àrùn yìí ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ kàn. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé wọn yóò ní kí wọ́n fi sìgá sílẹ̀ pátápátá, wọn yóò fún wọn ní oògùn tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù àti èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, wọn yóò sì tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wọn. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò kọ́ wọn ní ìrìn rírìn: kí aláìsàn rìn títí ìrora yóò fi dé, kí ó sinmi, kí ó tún rìn, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kéré tán nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta. Ìrìn yìí máa ń jẹ́ kí àwọn iṣan kéékèèké tó yí ibi tó dí ká fẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ní egbò lẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń ṣí iṣan tó dí

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá oògùn àti ìrìn, ọ̀nà mìíràn ṣì wà kí ó tó kan gígé. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 1964, wọ́n gbé ìyá àgbà kan, ẹni ọdún 82, wá sọ́dọ̀ Dókítà Charles Dotter ní ìlú Portland ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ ìyá náà ti ń jẹrà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ní kí àwọn gé e, ṣùgbọ́n ìyá náà kọ̀ jálẹ̀. Dotter gba ara awọ ti okùn oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ sínú iṣan àlọ itan rẹ̀, ó sì fi èyí tó tóbi jù ú lọ tẹ̀ lé e, títí ọ̀nà náà fi ṣí. Ẹsẹ̀ náà gbóná padà, ìrora sì lọ. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ìyá náà fi ń rìn títí ó fi kú ní nǹkan bí ọdún méjì àbọ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1974, Dókítà Andreas Grüntzig ní ìlú Zürich ní ilẹ̀ Switzerland fi bàlúùnù kékeré ṣe irú iṣẹ́ yìí: wọ́n á ti bàlúùnù náà dé ibi tó há, wọ́n á fẹ́ ẹ kí ó lè fẹ ọ̀nà náà, wọ́n á sì fà á jáde. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń tọ̀ káàkiri ayé títí di òní.

Bí ibi tó dí bá gùn jù fún bàlúùnù, àwọn oníṣẹ́ abẹ lè la ọ̀nà ẹ̀bùrú fún ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á yọ iṣan àbọ̀ kan tí ara lè ṣe láìsí lára ẹsẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n á rán orí rẹ̀ mọ́ òkè ibi tó dí, wọ́n á sì rán ìdí rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ọgbọ́n rírán iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ yìí ni Alexis Carrel fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1912.

Ẹsẹ̀ tó tutù lójijì

Nígbà mìíràn, iṣan àlọ kì í há díẹ̀díẹ̀. Ṣe ni yóò dí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè já láti inú ọkàn, kí ó sì lọ há sí iṣan ẹsẹ̀ tàbí ti ọwọ́. Ẹsẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dunni gidigidi, á funfun, á tutù bí omi inú àmù, á kú, kò sì ní ṣeé gbé mọ́. Ọ̀ràn pàjáwìrì ni èyí. Bí wákàtí 6 bá ti ń kọjá láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ padà, ẹran ara á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kí a má ṣe fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, kí a má sì ṣe wọ́ ọ. Mọ́tò ni kí a wá.

Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ irú ẹsẹ̀ báyìí ni wọ́n ń gé, nítorí kò sí ọ̀nà tó rọrùn láti yọ ẹ̀jẹ̀ tó dì náà. Thomas Fogarty, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló wá ojútùú sí i. Ó gé orí ìka ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń lò, ó sì so ó mọ́ ẹnu okùn oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú irú kókó tí àwọn apẹja ń ta. Wọ́n á ti okùn náà kọjá ẹ̀jẹ̀ tó dì, wọ́n á fẹ́ rọ́bà náà, wọ́n á sì rọra fà á jáde pẹ̀lú ohun tó dí ọ̀nà. Ní ọdún 1961 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún ènìyàn. Ojú kan péré ni wọ́n ń là, ó sì ti gba ẹsẹ̀ àìmọye ènìyàn là.

Ohun kan tún wà tó ń dí iṣan àlọ lójijì ní àdúgbò wa, èyí ni dídì tí a ń di eegun tó ṣẹ́ le koko. Bí wọ́n bá fi pákó tàbí ọparun àti okùn di ẹsẹ̀ ọmọdé tó ṣẹ́, ibi tó ṣẹ́ á wú sí i, okùn á sì fún iṣan pa. Bí ọmọ bá ń ké pé ìka òun ń kú tàbí ń dun òun, tí ìka náà sì tutù tàbí ń dúdú, kí ẹ tú okùn náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá jẹ́ POP ni wọ́n fi dì í, kí ẹ sáré gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn tó dì í, kí wọ́n là á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé ìrora yẹn ni àmì pé eegun ń jinná.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú iṣan àbọ̀

Ẹ jẹ́ kí á wá yà sí ọ̀nà àbọ̀. Rudolf Virchow, oníṣègùn ilẹ̀ Jámánì tí ó gbé ayé ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, ni ó ṣí ojú ayé sí bí ẹ̀jẹ̀ ti ń dì nínú iṣan. Ohun mẹ́ta ló ń fà á: kí ẹ̀jẹ̀ má ṣàn dáadáa, kí iṣan fara gbọgbẹ́, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ máa tètè dì. Ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá, ni wọ́n ti ń ṣe àyájọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì káàkiri àgbáyé láti ọdún 2014.

Àwọn tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra jù ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, ẹni tó ní àrùn jẹjẹrẹ, ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, ẹni tó jókòó sójú kan nínú ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, aboyún, àti ìyá ìkókó láàárín ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ. Ìyá tó bá bímọ, tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ wú, tó gbóná, tó sì ń dùn ún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún un pé gbogbo aboyún ni ẹsẹ̀ ń wú fún. Wíwú oyún sábà máa ń wà ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹsẹ̀ kan tó dá wú ni kó kọ yín lóminú.

Ẹ má ṣe wọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ o! Bí a bá ń wọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ tó dì náà lè já, kí ó gba inú iṣan lọ sí ọkàn, láti ibẹ̀ lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í já lójijì, àyà á máa dunni, ènìyàn lè máa wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dákú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ṣe bí ẹni pé ẹsẹ̀ lásán ló ń dùn ún ṣe ń kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nílé ìwòsàn, sikáànì ẹsẹ̀ ló ń fi ẹ̀jẹ̀ tó dì hàn. Wọn a máa gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ heparin, èyí tí wọ́n ṣàwárí rẹ̀ ní ìlú Baltimore ní ọdún 1916, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fún un ní oògùn oníhóró fún oṣù 3, ó kéré tán. Èyí tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni warfarin. Ìtàn rẹ̀ yani lẹ́nu. Ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930, àwọn màlúù ń ṣẹ̀jẹ̀ kú ní Kánádà àti ní apá àríwá Amẹ́ríkà nítorí koríko gbígbẹ tó ti bu tí wọ́n jẹ. Àwọn onímọ̀ ní Wisconsin wá ohun tó wà nínú koríko náà rí. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe oògùn eku, nígbà tó sì di ọdún 1954, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí ènìyàn máa lò ó ní ìwọ̀n kékeré.

Ẹ rí i pé oògùn tó lè pa eku kì í ṣe èyí tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un. Kí ó má ṣe mu àgbo pọ̀ mọ́ ọn, kí ó má sì ṣe ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ọjà, nítorí wọ́n lè mú kí ó máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀fọ́ kò di èèwọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ ẹ́ lájẹjù lọ́sẹ̀ yìí, kí ó sì pa á tì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀; ìwọ̀n kan náà ni kí ó máa jẹ. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dì kì í lo warfarin bí kò bá ṣe pé dókítà rí ìdí pàtàkì. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń lò fún un. Àwọn oògùn titun wà lónìí tí kò nílò àyẹ̀wò lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n owó wọn sábà máa ń ju ti warfarin lọ.

Iṣan tó lọ́ pọ̀ àti egbò tí kì í jinná

Bí àwọn ìlẹ̀kùn inú iṣan àbọ̀ bá bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa padà sísàlẹ̀, iṣan á wú, á sì lọ́ pọ̀ bí okùn lábẹ́ awọ. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ìdúró pẹ́, àwọn bíi olùkọ́, aránṣọ tó ń gé aṣọ lórí ìdúró, àti ìyálọ́jà, sábà máa ń ní in. Bó bá pẹ́, awọ ọrùn ẹsẹ̀ á dúdú, á máa yún ni, egbò á sì yọ lókè kókósẹ̀ níhà inú. Egbò yìí lè lo ọdún láìjinná, kì í ṣe nítorí pé oògùn tí a dà sí i kò dára, bí kò ṣe pé ẹ̀jẹ̀ tó dúró sábẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó san.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni báńdéèjì tó fún ẹsẹ̀ mọ́, tí nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ yóò dì láti ìdí ọmọ ìka dé ìsàlẹ̀ orúnkún, àti gbígbé ẹsẹ̀ sókè ju àyà lọ bí a bá dùbúlẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tún lè fi ooru dí iṣan tó bàjẹ́ náà pa láti inú, tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kí wọ́n tó di báńdéèjì yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo iṣan àlọ. Bí iṣan àlọ bá ti há, báńdéèjì tó fún mọ́ lè pa ẹsẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa ra báńdéèjì lọ́jà kí a sì máa di egbò fúnra wa.

Àwọn àmì tí kò gbọdọ̀ dúró dọ̀la

1. Ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ tó tutù, tó funfun, tó sì kú lójijì.

2. Ẹsẹ̀ kan tó wú ju èkejì lọ, tó gbóná, tó sì ń dùn.

3. Èémí tó ń já lójijì, àyà dídùn tàbí ikọ́ ẹ̀jẹ̀.

4. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó ń dúdú, tàbí ìrora ẹsẹ̀ tí kì í jẹ́ kí a sùn lóru.

5. Ìka tó ń kú, tó tutù tàbí tó ń dúdú lẹ́yìn tí wọ́n di eegun tó ṣẹ́.

6. Egbò tàbí ìléròró ní ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, bó ti wù kí ó kéré tó, bí kò tilẹ̀ dùn ún. Àtọ̀gbẹ a máa pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Àìdùn rẹ̀ kì í ṣe àmì àlàáfíà.

7. Iṣan wíwú tó bẹ́, tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọn-in, kí ẹ sì gbé e lọ.

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn

Ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bí ọ̀rọ̀ kò bá le. Bí ó bá le, kí ẹ lọ tààrà sí ilé ìwòsàn ńlá. Àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, irú èyí tó wà ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní Ilé-Ifẹ̀, ni ẹ ti lè rí àwọn oníṣẹ́ abẹ àgbà tí wọn yóò yẹ ọ̀rọ̀ iṣan wò fínnífínní. Ẹ kó gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò dání, ẹ sì sọ òtítọ́ nípa àgbo tó ti mu. Kò sí ẹni tí yóò bú yín; ìmọ̀ yẹn ni yóò jẹ́ kí wọ́n mọ oògùn tó yẹ.

Ní ti owó, òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan pé kí olúkúlùkù ní ilẹ̀ Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera. Ẹ lọ bèèrè nípa ètò ti ìpínlẹ̀ yín nígbà tí ara ṣì le, kí ẹ sì mọ ìtọ́jú tí ó bò àti èyí tí kò bò. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá dúdú kọ́ ni ọjọ́ tí a ń wá owó káàdì kiri.

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé gígé ló kù, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti fi ọ̀wọ̀ bèèrè pé, "Dókítà, ṣé a ti wọn bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn nínú ẹsẹ̀ yìí? Ṣé ọ̀nà wà láti ṣí iṣan tó dí náà?" Bí wọ́n bá ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, tí ẹran ara ti kú, tí májèlé rẹ̀ sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe gbé aláìsàn sá. Ẹni tó fi ọmọ ìka kan sílẹ̀ lónìí lè gba gbogbo ẹsẹ̀ là, ẹni tó sì fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lè gba ẹ̀mí là. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wà tí ènìyàn lè fi rìn lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wà láàyè ni yóò wọ̀ ọ́.

Kí a má bàa dé ibẹ̀ rárá

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ fi sìgá sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n sì máa yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, bí kò tilẹ̀ sí ohun tó ń ṣe yín. Ẹ dín iyọ̀ àti ọ̀rá kù, ẹ sì máa rìn. Bí ẹ bá ń rin ìrìn àjò jíjìn, ẹ máa na ẹsẹ̀, kí ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ rìn nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ abẹ tàbí tí ẹ bímọ, ẹ dìde rìn ní kété tí nọ́ọ̀sì bá ti gbà yín láyè. Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín lójoojúmọ́, ẹ má rìn láìwọ bàtà, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ dán omi gbígbóná wò. Ìgbọ̀nwọ́ ni kí ẹ fi dán an wò.

Ẹ ka ìwé yìí fún àwọn òbí yín tí kò lè kà á, ní pàtàkì èyí tó bá ń dúró sinmi lójú ọ̀nà nítorí ẹsẹ̀ tó ń ro ó. Kí ẹ bi í léèrè lálẹ́ òní bóyá ìrora náà ń lọ bó bá sinmi. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ mú un dé ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí. Ìlera loògùn ọrọ̀.